Gbèsè tàbí Ẹ̀ṣẹ̀? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan nínú Àdúrà Olúwa

Nínú Ìwé Àdúrà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ń lò, ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dárí rẹ̀ jì wá nígbà tí a bá ń gba Àdúrà Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì Yorùbá sí ìwé Mátíù, orí 6, ẹsẹ 12, gbèsè ni yóò bá níbẹ̀, yóò sì bá àwọn onígbèsè pẹ̀lú. Àwọn kan rò pé ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Wọ́n ní bí a pè é ní gbèsè, bí a pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tí a ń wí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni gbèsè, pé kò yẹ kí a gbé e wọ inú àdúrà. Èrò tiwa nínú àròkọ yìí ni pé gbèsè ni ó tọ̀nà, àti pé ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò ti yọ eyín lẹ́nu àdúrà náà. Kí èyí tó lè hàn gbangba, a ní láti lọ wo ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ ní ilé baba rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni opheilema. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan, opheilo, ni a ti mú un jáde, ìtumọ̀ èyí sì ni kí ènìyàn jẹ gbèsè. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni opheiletes. Ọ̀rọ̀ ọjà ni lóòótọ́. Àwọn tí ń yá owó àti àwọn tí ń dá owó padà ni wọ́n ni ín kí àwọn ọlọ́gbọ́n tó gbà á lò. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò lọ́jà. Plato sọ fún wa pé nígbà tí Socrates mu májèlé ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, ohun tí ó rántí kí ó tó dákẹ́ ni pé àwọn jẹ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, ní gbèsè àkùkọ kan. Ó sì bẹ Crito pé kí ó má ṣe gbàgbé láti san án. Opheilo ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Nínú ìwé Plato mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ohun tí òdodo jẹ́, ọ̀rọ̀ akéwì Simonides ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: pé òdodo ni kí a san ohun tí a bá jẹ olúkúlùkù fún un. Ẹ ò rí i pé láti orí àkùkọ kan títí dé orí òdodo ìlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò.

Thucydides ni ó ràn wá lọ́wọ́ jù. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó fi sí Pericles lẹ́nu níbi ìsìnkú àwọn jagunjagun Áténì, ó fi opheilema sí ọ̀nà kan, ó fi charis sí ọ̀nà kejì. Charis ni oore tí ènìyàn ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Opheilema ni èyí tí a ń dá padà nítorí pé a ti kọ́kọ́ gbà. Pericles ní ara ẹni tí ó ṣoore a máa yá gágá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń san oore a máa wọ́, nítorí ó mọ̀ pé gbèsè ni òun ń san. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 ọdún lẹ́yìn náà kí Pọ́ọ̀lù tó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí náà ni ó tún kò lójú ara wọn ní orí 4, ẹsẹ 4: owó iṣẹ́ alágbàṣe kì í ṣe charis, opheilema ni. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ opheilema, ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wá sí wa lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tí ó jẹ ẹ́, ohun tí ó jẹ, àti olówó tí ó jẹ ẹ́ fún. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọnù, ọ̀rọ̀ náà ti di nǹkan mìíràn.

Báwo ni ó ṣe wá di ọ̀rọ̀ àdúrà? Èdè Árámáíkì ni Jésù fi ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, nínú èdè yẹn sì ni ọ̀rọ̀ kan wà, hoba, tí ó dúró fún gbèsè, tí ó tún dúró fún ẹ̀ṣẹ̀. Òǹkọ̀wé Gíríìkì tí ó bá fẹ́ gbé hoba lọ sínú èdè tirẹ̀ ní láti yan ọ̀kan. Mátíù yan gbèsè lápá méjèèjì. Lúùkù, nínú orí 11, ẹsẹ 4, lo hamartia, ẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí ó ń sọ ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọnìkejì wa, ó padà sórí opheilo: àwọn tí ó jẹ wá ní gbèsè. Ẹ̀rí mìíràn tún wà nínú ìwé Lúùkù yìí kan náà. Ní orí 13, Jésù béèrè bóyá àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa ni wọ́n jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ jù. Lẹ́yìn ẹsẹ kan péré, ó tún ìbéèrè náà béèrè nípa àwọn 18 tí ilé-ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ṣùgbọ́n opheiletai, onígbèsè, ni Gíríìkì pe àwọn wọ̀nyí. Ìbéèrè kan náà ni, ènìyàn kan náà ni ó sì ń béèrè rẹ̀. Ó hàn gbangba pé ojú kan náà ni a fi ń wo ẹlẹ́ṣẹ̀ àti onígbèsè nínú èdè tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Èdè Jámánì rí ọ̀nà gbà nínú ìṣòro yìí, nítorí Schuld wọn dúró fún gbèsè, ó sì dúró fún ẹ̀bi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí irú rẹ̀, ọ̀nà sì pín sí méjì níwájú wọn. Tyndale, nínú ìtumọ̀ tí ó tẹ̀ ní 1526, lo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ kí ènìyàn kọjá ààlà ẹlòmíràn. Ìwé Àdúrà ìjọ wọn ti 1549 sì tọ ọ̀nà náà. Bíbélì ti 1611 padà sórí gbèsè. Ọ̀nà méjèèjì ni ó wọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú Ìwé Àdúrà wa jọ ọ̀rọ̀ ti Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, tí ó sì jáde lódindi ní 1884, di gbèsè mú gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti kọ ọ́.

Àwọn tí wọ́n fara mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní àwíjàre kan tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Wọ́n ní Mátíù fúnra rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí ní ẹsẹ 14 àti 15, kété tí àdúrà parí, paraptomata ni ó ń wí, èyí tí í ṣe ìṣubú tàbí ìrékọjá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa òwe tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ kò sọ pé kí a ju òwe náà nù. Bí Mátíù bá fẹ́ kí a máa pe paraptomata nínú àdúrà, kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní lọ́wọ́. Ní tiwa, a máa ń jẹ gbèsè. A máa ń jẹ ẹ̀bi, èyí tí a sún kì di jẹ̀bi. A sì máa ń jẹ ìyà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò san yóò jẹ̀bi níwájú àwọn àgbà, ẹni tí ó bá sì jẹ̀bi yóò jẹ ìyà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní Árámáíkì kí a tó mọ èyí. Nítorí náà, kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi sá fún gbèsè bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sá fún un. Èdè tiwa ti fi okùn dì í mọ́ ẹ̀bi láti ilẹ̀ wá.

Ohun kan tún wà tí gbèsè ní tí ẹ̀ṣẹ̀ kò ní. Ẹ̀ṣẹ̀ wá láti inú kí ènìyàn ṣẹ̀: ó ṣe ohun kan, ohun náà sì dun ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n onígbèsè lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé rẹ̀, kí ó má ba ẹnikẹ́ni jà, kí ó má jí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ kí gbèsè rẹ̀ máa ga lójoojúmọ́. Ohun tí kò ṣe gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tí ó ń yẹ ara rẹ̀ wò pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ lónìí lè má rí ọ̀kan tọ́ka sí, kí ó sì sùn fọnfọn. Ẹni tí ó bá bi ara rẹ̀ pé ta ni mo jẹ ní gbèsè kì í tètè sùn. Nínú Mátíù kan náà, orí 25, àwọn tí Ọba lé sí apá òsì kò pa ènìyàn, wọn kò sì jalè; ebi pa ẹnì kan, wọn kò fún un ní oúnjẹ, ọ̀rọ̀ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbèsè ni wọ́n jẹ.

Ó sì yẹ kí a rántí àwọn tí ó kọ́kọ́ ka Bíbélì náà. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ó bá yá owó tí kò sì rí i san a máa fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Owó gan-an wà níbẹ̀ lódindi, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, kò sì ní kúrò títí a óò fi san án. Nígbà tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé a dárí gbèsè ji ẹnì kan, ohun tí wọn yóò rí ni ọmọ tí ó ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀ léjìká. Gíríìkì náà kò jìnnà sí èyí. Aphiemi, ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí ìdáríjì, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni kí a tú nǹkan sílẹ̀ kí ó máa lọ. Aphesis, tí ó bá a tan, ni àwọn tí ó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì lò fún ọdún júbélì inú Léfítíkù, orí 25, nígbà tí ẹni tí òṣì mú ta ara rẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀.

Bí a bá ti ní èyí lọ́kàn, ìtàn ọmọ-ọ̀dọ̀ aláìláàánú, ní Mátíù orí 18, yóò mọ́ sí wa. Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan jẹ ọba ní ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, èyí ni 10,000. Tálẹ́ńtì kan tó 6,000 dẹ́náríù, dẹ́náríù kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe. Gbèsè náà jẹ́ 60,000,000 dẹ́náríù. Bí alágbàṣe kan bá ń ṣiṣẹ́ 300 ọjọ́ lọ́dún, tí kò jẹ, tí kò mu, 200,000 ọdún ni yóò fi san án. Ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ ẹ́ ní 100 dẹ́náríù, owó tí ènìyàn lè rí san láàárín oṣù mẹ́rin. Bí a bá pín gbèsè kejì yìí sọ́nà 600,000 lọ́nà ìsọdipúpọ̀, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbèsè kìíní.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ-ọ̀dọ̀ náà kò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Ọjọ́ ni ó tọrọ: ó ní kí ọba ní sùúrù, òun yóò san gbogbo rẹ̀. Ọba kò fún un ní ọjọ́ rárá. Ó tú gbèsè náà sílẹ̀ pátápátá. Lójú tiwa, níbẹ̀ ni àṣìṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ pé a ti tú òun sílẹ̀; ó rò pé a fún òun láyè ni, ó sì jáde lọ wá owó. Bí ó ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fún un lọ́rùn, ó ní kí ó san ohun tí ó jẹ. Ẹgbẹ́ náà sì fi ẹ̀bẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀ ọba bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Ẹ̀bi rẹ̀ kò sí nínú gbèsè tí kò san. Ó wà nínú pé, lẹ́yìn tí a ti mú un kúrò ní onígbèsè, ó fẹ́ jẹ́ olówó síbẹ̀.

Èyí ni ó mú kí a sọ pé ẹni tí ó bá yọ gbèsè kúrò yọ eyín lẹ́nu àdúrà. Ẹni tí ó bá ń wí pé òun dárí ji àwọn tí ó ṣẹ òun lè máa ro ti ẹni tí ó bú u tàbí tí ó gbójú sí i. Ẹni tí ó bá wí pé òun dárí ji àwọn onígbèsè òun ní láti rántí pé òun ní ìwé gbèsè kan nínú àpótí. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ Mátíù tí ó lọ́jọ́ lórí jù tilẹ̀ tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: aphekamen ni ó wà nínú wọn, èyí ni pé a ti dárí jì wọ́n ná, kí a tó wá kúnlẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀yìn tí Bíbélì 1611 gbára lé ni ó sọ ọ́ di ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé: ṣé èyí kò ní kọ́ àwọn ajẹgbèsè láti máa fi àdúrà dípò owó? Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò san, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà wí bẹ́ẹ̀. Ní Róòmù 13, ó ní kí a san owó-orí fún ẹni tí owó-orí í ṣe tirẹ̀, kí a sì bọlá fún ẹni tí ọlá í ṣe tirẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ sí Fílémónì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé bí Ónẹ́símù bá jẹ Fílémónì ní ohunkóhun, òun yóò san án. Ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹrú. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni ó lè tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀.

Níbi tí Bíbélì wa ti ṣe dáadáa nípa gbèsè, ibòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ mọ́ àwọn olùtumọ̀ lọ́wọ́, tiwa àti ti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn. Bí opheilo bá ti wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, a máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí ‘ó yẹ’ tàbí ‘ó tọ́’. Ṣùgbọ́n Gíríìkì ní ‘ó yẹ’ tirẹ̀, prepei. Ní Hébérù orí 2, prepei wà ní ẹsẹ 10, opheilo wà ní ẹsẹ 17. Bí a bá fi ‘ó yẹ’ túmọ̀ méjèèjì, ìyàtọ̀ tí òǹkọ̀wé fi síbẹ̀ ti sọnù. Ohun tí ó yẹ kò ní olówó: fìlà lè yẹ ènìyàn, ìjókòó sì lè yẹ ẹ́. Ohun tí a jẹ ní ẹni tí yóò gbà á. Nígbà tí Jésù wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ní Jòhánù 13, ohun tí Gíríìkì wí ni pé wọ́n jẹ ara wọn ní gbèsè ẹsẹ̀ wíwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ta ni ó wẹ ẹsẹ̀ wọn? Olúwa wọn ni. Ta ni a sì ní kí wọ́n san án fún? Ẹnìkejì wọn. Bí ó ti rí nínú ìtàn ọba náà nìyẹn: ọba ni a jẹ ní gbèsè, ṣùgbọ́n ara ẹgbẹ́ ni ó retí kí a ti rí àánú náà. Ohun tí 1 Jòhánù 4, ẹsẹ 11, wí nìyẹn pẹ̀lú: Ọlọ́run fẹ́ wa, nítorí náà a jẹ ara wa ní gbèsè ìfẹ́. Olówó wa ti fi ìwé gbèsè náà lé ọmọnìkejì wa lọ́wọ́. ‘Ó yẹ’ kò lè gbé ẹrù yìí.

Òun náà ni ó tú àdììtú Róòmù 1, ẹsẹ 14, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti pe ara rẹ̀ ní opheiletes àwọn Gíríìkì àti àwọn tí kì í ṣe Gíríìkì, àwọn ọlọ́gbọ́n àti àwọn aláìgbọ́n. Kí ni ó yá lọ́wọ́ wọn? Kò yá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ní Èkó bá fi ẹrù rán wa sí ará ilé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, láti ìgbà tí a ti gba ẹrù náà ni a ti jẹ ará Ọ̀yọ́ ní gbèsè, bí a kò tilẹ̀ rí i rí. Bí a bá dé ilé tí a gbé ẹrù náà sọ́dọ̀, a kò lè sọ pé kò fún wa ní kọ́bọ̀. Ẹrù rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí bá wa wí, àwa tí a wà ní Yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹbí dáwó fún kí a tó dé ibí. Òwe wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé ọpọlọ òun nìkan ni ó gbé òun débẹ̀ ń purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí ó san owó ilé-ìwé, tí ó wá fi ọ̀rọ̀ náà fún àbúrò rẹ̀ lọ́rùn títí ayé, ti sọ charis di opheilema, ó ti sọ ọmọ ìyá rẹ̀ di ìwọ̀fà. Ohun tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí ń kọ́ àwọn méjèèjì kò ju ọ̀kan lọ. Kí ẹ̀gbọ́n tú u sílẹ̀. Kí àbúrò má sì gbàgbé pé ẹrù àfirán ni ó wà lórí rẹ̀, àti pé àwọn tí ó ni ín ń bẹ lẹ́yìn, tí wọn kò tíì mọ ìwé kà.

Nítorí náà, bí ìjọ kan bá tún fẹ́ yẹ Àdúrà Olúwa wò, ìmọ̀ràn wa ni pé kí wọ́n jẹ́ kí gbèsè dúró, kí oníwàásù sì ṣàlàyé rẹ̀. Ó le ní ẹnu ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó le ní ẹnu àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú, nítorí àwọn náà ní onígbèsè nílé.